Owó Ọkọ̀ Àti Oúnjẹ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ń Kọ́ṣẹ́ Ní Ìkẹjà

Lọ́dọọdún ni àwọn Yunifásítì wa máa ń rán àwọn ọmọ wọn jáde láti lọ fi ojú ara wọn rí iṣẹ́ tí wọ́n ń kà nípa rẹ̀ nínú ìwé. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti ń wá, láti Abẹ́òkúta, láti Àkúrẹ́, láti Ilé-Ifẹ̀, àti láti Akọkà ní Èkó níhìn-ín. Ìkẹjà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń forí lé, nítorí pé ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí. Oṣù mẹ́fà ni àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ń lò níbẹ̀. Ìjọba fún ètò náà ní orúkọ gígùn kan, ṣùgbọ́n "àìtí" ni àwọn ọmọ náà àti àwọn òbí wọn ń pè é, orúkọ yìí ni àwa pẹ̀lú yóò sì máa lò.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba ọ̀nà Ọba Akran tàbí ti Àgídìńgbí kọjá kí agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ tó lù yóò mọ̀ wọ́n. Wọ́n gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ìwé kan sì wà nínú báàgì náà tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ òòjọ́ wọn sí, kí olùkọ́ wọn lè yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ó bá dé. Wọn a fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, wọn a sì bá àwọn òṣìṣẹ́ wọlé. Títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọn yóò fi wà lórí ìdúró nídìí ẹ̀rọ, tàbí kí wọ́n máa yẹ oúnjẹ àti ohun mímu wò bóyá ó dára tó láti gbé lọ sí ọjà. Nígbà tí òpin oṣù bá dé, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wo fóònù wọn bóyá owó ti wọlé, àwọn ọmọ wọ̀nyí a yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, kò sí kọ́bọ̀ kan tí ó jẹ́ tiwọn.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kò ta kókó. Ọmọ tí ó ń bá ilé-iṣẹ́ ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò yẹ kí ó jẹ́ owó èrè ìyá rẹ̀ lórí ìsọ̀ ni yóò máa fi wọkọ̀ lọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí ó jẹ́ omi àti bisikíìtì ni yóò máa fi gbé ọ̀sán. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán ni a ń bèèrè fún un. A kò bèèrè owó oṣù.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ètò náà fúnra rẹ̀ ni a ń bá jà. Ètò rere ni. Ní ọdún 1971 ni Ìjọba Àpapọ̀ dá àjọ kan sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí ITF, láti máa kó owó jọ fún kíkọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ ilé-ẹ̀rọ. Ní 1973 ni àjọ náà sì bẹ̀rẹ̀ ètò àìtí, nítorí àwọn onílé-iṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn ọmọ tí ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga mọ ìwé ṣùgbọ́n wọn kò mọ ẹ̀rọ. Àwọn tí ó dá a sílẹ̀ kò gbàgbé pé ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ ní láti jẹun. Wọ́n fi owó díẹ̀ sí i fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n iye náà dúró lójú kan nígbà tí ayé ń lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ₦2,500 lóṣù ni. Bí a bá pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ méjìlélógún tí ó wà nínú oṣù, kò tó ₦114 lóòjọ́. A sì máa ń pẹ́ púpọ̀ kí ó tó tẹ àwọn ọmọ náà lọ́wọ́, débi pé ẹlòmíràn a ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tán kí ó tó rántí pé Ìjọba jẹ òun ní gbèsè.

Ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo bí ọjà ti rí. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, kò sí ohun tí ó tún dúró sí ipò rẹ̀ mọ́. Epo tí a ń rà ní nǹkan bí ₦190 ní líta kan ní oṣù náà di ₦998 ní ilé epo NNPC ní Èkó nígbà tí ó fi máa di oṣù Kẹwàá, ọdún 2024. Àwọn onímọ̀ ìṣirò Ìjọba tìkára wọn sọ pé ní oṣù Kẹfà, ọdún 2024, iye owó oúnjẹ fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti oṣù Kẹfà ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ìyá tí ó ń ta ata kò nílò onímọ̀ ìṣirò láti sọ èyí fún un, ṣùgbọ́n a kọ ọ́ síbí nítorí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí ó fẹ́ràn láti rí iye lórí ìwé.

Ìjọba Àpapọ̀ ti gbìyànjú lọ́nà kan. Òfin ẹ̀yáwó fún akẹ́kọ̀ọ́ tí Ààrẹ fi ọwọ́ sí ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, ọdún 2024, ti mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ rí owó ilé-ẹ̀kọ́ yá lọ́wọ́ àjọ NELFUND, ẹni tí ó bá sì bèèrè fún un a tún rí ₦20,000 lóṣù fún ìtọ́jú ara rẹ̀. A kí Ìjọba fún èyí. Ṣùgbọ́n ₦20,000 tí a pín sí ọgbọ̀n ọjọ́, ₦666 ni ó kan ọjọ́ kan. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 tí a wí yìí, owó ọjọ́ kan kò tó ra líta epo kan. Ẹ má sì gbàgbé pé gbèsè ni. Ọmọ tí ó fi ẹ̀yáwó wọkọ̀ lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ilé-iṣẹ́ ńlá, òun ni ó yá ilé-iṣẹ́ náà lówó, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ni ó ràn án lọ́wọ́.

Níbo gan-an wá ni owó náà ń gbà lọ? Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ẹnu ni. Bí ọmọ bá fóònù sílé pé owó ti tán, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi í ni pé kí ni ó jẹ. Àwa wí pé ojú ọ̀nà ni. Yàrá kò wọ́pọ̀ ní àárín Ìkẹjà fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Nítorí náà Agége ni àwọn ọmọ náà ń lọ, sí àwọn ilé tí ilẹ̀kùn yàrá kọjú sí ilẹ̀kùn yàrá; bí Agége bá tún le jù, wọn a kọjá sí Ìjú àti Agbádó, títí dé Sàngó ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí ilé ti ń dínwó ni ọ̀nà ń gùn sí i. Ẹni tí ó ń sùn ní Sàngó yóò wọ ọkọ̀ dé Ìyànà Ìpájà, yóò wọ òmíràn dé Ìkẹjà Along, yóò sì tún wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá dé ẹnu géètì, yóò sì gba ọ̀nà kan náà padà ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn onídánfó ti fi owó kún owó nítorí èrò pọ̀. Ohun tí ó yọ lọ́wọ́ onílé, onímọ́tò ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé náà tún ní ẹ̀gún tirẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni ọmọ náà fẹ́ lò, ṣùgbọ́n owó ọdún kan ni onílé ń bèèrè, pẹ̀lú owó aṣojú onílé àti owó ìwé àdéhùn lórí rẹ̀. Òfin Ayálégbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 kò jẹ́ kí onílé gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Kò sọ pé dandan ni kí onílé gba owó ìdajì ọdún lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ lo ìdajì ọdún. (Òfin yìí kan náà kò kan GRA Ìkẹjà rárá. A kò gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ kankan fi ẹjọ́ èyí sùn.) Èyí ni ó fà á tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń sùn lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ wọn, ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú yàrá kan, tàbí lọ́dọ̀ ẹbí tí ó jìnnà, níbi tí wọn yóò ti máa fọ aṣọ tí wọn yóò sì máa gbálẹ̀ kí wọ́n má bàa rí ìbínú onílé. Ti àwọn ọmọbìnrin burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọkùnrin kan wà tí ó ń fi yàrá lọ ọmọbìnrin lọ́fẹ̀ẹ́, tí kò sì jẹ́ ọ̀fẹ́ mọ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ìyá tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní gbọ́. Ọmọ náà kò ní sọ.

A mọ ohun tí àwọn àgbà kan yóò wí. Wọn yóò wí pé àwọn pẹ̀lú mu gàrí nígbà tiwọn, pé ìyà ni ó ń kọ́ ènìyàn lọ́gbọ́n. A kò bá wọn jiyàn gàrí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní ọdún 1978, nígbà tí Ìjọba ológun fẹ́ fi owó kún owó oúnjẹ òòjọ́ ní Yunifásítì, gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ yìí ni ó dìde, tí wọ́n ń pariwo pé kí Ahmadu Ali, Kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́, máa lọ. Ẹ̀mí ṣòfò nínú rògbòdìyàn náà, ní Akọkà pẹ̀lú. Àwọn tí ó dìde nígbà náà ni àwọn tí ó di àgbà lónìí. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì nínú gbọ̀ngàn, a sì gbé oúnjẹ síwájú wọn, Ìjọba ni ó sì ru èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀. Kò sí irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ òde òní. Bí a ó bá fi ìgbà tiwa ṣe òṣùwọ̀n, ẹ jẹ́ kí a gbé oúnjẹ ìgbà náà sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú gàrí rẹ̀.

Síbẹ̀, a ní ọ̀rọ̀ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ, a kò sì ní fi bò. Owó kékeré kò gbọdọ̀ bọ́ sí ọwọ́ tí kò dì. Àwọn tí ó gbọ́n nínú yín ti mọ̀ pé ẹni tí ó ń ra ìpápánu lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ ti ná ju ẹni tí ó se ẹ̀wà nílé lọ, kò sì yó tó o. Ẹ kó owó jọ, ẹ̀yin mẹ́rin tí ẹ wà nínú yàrá kan. Ẹ lọ sí ọjà Òkè-Kótò ní ọjọ́ Sátidé, kí ẹ ra ẹ̀wà àti gàrí ní kóńgò, kí ẹ má ṣe rà á ní ife. Sítóòfù kan tó ẹni mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni gáàsì ìkòkò ẹ̀wà kan ju ti ìkòkò kéékèèké mẹ́rin dínwó. Kí ẹ di oúnjẹ ọ̀sán sínú abọ́, kí ẹ gbé e dání. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti dàgbà ní Ìkẹjà ń ṣe é. Búrẹ́dì Agége tí ẹ ń jẹ pẹ̀lú ẹ̀wà àgànyìn ní òwúrọ̀ dára, oúnjẹ òṣìṣẹ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí owó ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ kan máa wà ní ọ̀tọ̀, kí ẹ fi sí ọwọ́ alájọ bí ẹ bá mọ̀ pé ọwọ́ yín kò lè gbà á dúró. Ìyàwó Alájọ kò ní gbà kí ẹ fi ra dátà.

Ohun méjì ni a ń bẹ̀ yín kí ẹ sá fún. Èkínní ni àwọn ayánilówó inú fóònù, tí ń yáni lówó ní ìṣẹ́jú márùn-ún, tí wọn yóò sì máa fi ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí pásítọ̀, sí lèmọ́mù àti sí olùkọ́ yín bí ẹ bá pẹ́ lọ́jọ́ kan. Nítorí ìwà wọn ni àjọ tí ń gbèjà oníbàárà, FCCPC, fi gbé ìlànà kalẹ̀ fún wọn ní ọdún 2022. Èkejì ni tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. A kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Ẹ lọ bi àwọn tí ó ti fi owó ọkọ̀ ta á bí wọ́n ṣe dé ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ó se ẹ̀wà, tí ó dá àjọ, tí ó rìn láti Along wọlé ní ẹsẹ̀, owó rẹ̀ kò tíì ní tó. Ìṣúná kò lè mú ohun tí kò sí wá. Ìdí nìyí tí a fi kọjú sí àwọn onílé-iṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ jẹ́ kí a rántí bí ilẹ̀ tí ẹ jókòó lé ṣe di ilẹ̀ ilé-iṣẹ́. Nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, Ìjọba náà ni ó la ọ̀nà, tí ó fa omi àti iná dé ibẹ̀, kí àwọn onílé-iṣẹ́ lè wá. Kòkó ni ó ń mú owó wọ àpò Ìjọba náà jù, àwọn àgbẹ̀ Oǹdó, Iléṣà àti Ìbàdàn ni wọ́n sì gbìn ín. Ìrètí wọn ni pé àwọn ọmọ àwọn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, yóò rí ibi ṣiṣẹ́. Ọmọ-ọmọ àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn ni ó dúró lẹ́nu géètì yín lónìí.

A mọ̀ pé ọ̀nà kò dán fún ẹ̀yin náà. Dísù tí ẹ ń rà, owó dọ́là, iná tí kò dúró, gbogbo wọn ni a mọ̀. A kò gbàgbé pé Dunlop, tí ó ti ń ṣe táyà ní Ìkẹjà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró ní 2008. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá kú kò lè bọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n abọ́ ìrẹsì kan lọ́sàn-án kò tíì pa ilé-iṣẹ́ kankan. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti ní ilé ìjẹun fún àwọn òṣìṣẹ́, iná ti wà lábẹ́ ìkòkò. Àwọn kan nínú yín sì ní bọ́ọ̀sì tí ń kó òṣìṣẹ́ láti Agége àti Ìyànà Ìpájà, tí ìjókòó ṣófo nínú rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí ó ń ṣe é, tí wọ́n tún ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní owó díẹ̀ lóṣù. A kò gbọ́ pé wọ́n kógbá wọlé nítorí rẹ̀.

Òfin ITF, gẹ́gẹ́ bí a ti tún un ṣe ní 2011, wí pé ilé-iṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó ń san fún òṣìṣẹ́ lọ́dún fún àjọ náà, àyè sì wà láti gba tó ìdajì rẹ̀ padà bí ó bá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ bí ó ti yẹ. Àwa rò pé ó yẹ kí àjọ náà ka owó ọkọ̀ àti oúnjẹ tí ilé-iṣẹ́ ná lórí akẹ́kọ̀ọ́ àìtí mọ́ èyí tí ó lè gbà padà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí àwáwí mọ́. Kí àjọ náà sì tún ₦2,500 yẹn wò pẹ̀lú ojú àánú, tàbí kí ó jẹ́wọ́ pé òun ti fi í sílẹ̀.

Ó ku Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí owó epo gbé àwọn ènìyàn ṣubú, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú gé owó ọkọ̀ Ìjọba sí ìdajì. Ìdínkù náà kò wà títí, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ohun tí ó ṣeé ṣe ni. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni ọkọ̀ ojú irin Red Line sì ti bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Agbádó dé Òyìngbò, tí ó ń dúró ní Ìjú, ní Agége, ní Ìkẹjà, ní Oshòdì, ní Mushin àti ní Yábàá. Ẹ wo àwọn orúkọ wọ̀nyí dáadáa. Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn ni mẹ́ta àkọ́kọ́, Ìkẹjà ni ibi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, Yábàá sì ni ibi tí àwọn ọmọ Akọkà àti ti Yaba Tech ń sọ̀ sí. Bí ẹni pé nítorí wọn gan-an ni a ṣe tẹ́ irin náà. Káàdì Cowry sì ni a fi ń wọ ọkọ̀ náà, kì í ṣe owó ọwọ́. Nítorí náà kò ṣòro láti fún akẹ́kọ̀ọ́ ní káàdì tirẹ̀, tí ẹ̀rọ yóò mọ̀, tí yóò sì yọ ìdajì owó kúrò fún oṣù mẹ́fà tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ sínú ìwé. Nígbà tí oṣù mẹ́fà náà bá pé, káàdì yóò padà sí bí ó ti wà. Kò sí ẹni tí yóò rí ọ̀nà fi rẹ́ Ìjọba jẹ níbẹ̀.

A rọ Gómìnà kí ó pàṣẹ èyí kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kàn tó dé. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kò nílò láti dúró de Gómìnà rárá. Lọ́la òde yìí, kí wọ́n ránṣẹ́ pe alásè wọn, kí wọ́n sọ fún un pé nígbà tí ó bá ń wọn ìrẹsì sínú ìkòkò, kí ó ka orí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ orí àwọn òṣìṣẹ́.